Ojú Ìwé Kan Lóòjọ́: Bí A Ṣe Lè Fi Owó Pọ́ọ́kú Gbé Ìwé Yorùbá Àtijọ́ Sórí Fóònù

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjokòó, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ fi Sátidé yín sílẹ̀ wá gbọ́rọ̀, ẹ kú ìjokòó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ohun tó wà lọ́wọ́ mi hàn yín.

Ìwé pẹlẹbẹ kan nìyí. Èèpo iwájú rẹ̀ ti lọ. Okùn tí wọ́n fi rán an ti já níbi méjì, kòkòrò sì ti jẹ etí bébà rẹ̀ títí ó fi kan ọ̀rọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló bá mi yọ ọ́ jáde nísàlẹ̀ àpótí bàbá rẹ̀, níbi tó wà láàárín ìwé orin ìjọ àti ìwé owó orí. Bí mo ṣe ń ṣí i yìí, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún bí ewé gbígbẹ. Bí mo bá tún ṣí i nígbà ọgọ́rùn-ún sí i, kò ní sí ìwé mọ́.

Arọ̀fọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Josiah Ṣóbọ̀wálé Ṣówándé ló kọ ọ́, ẹni tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ṣóbọ̀ Aróbíodu. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ arọ̀fọ̀ rẹ̀ jáde, 1936 ló sì fayé sílẹ̀. Ohùn orin orò Ẹ̀gbá ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé, èdè Ẹ̀gbá ló sì fi kọ ọ́. Tí ènìyàn bá kà á sókè, àfi bíi pé bàbá àgbà kan láti Aké jókòó tì í.

Mo dárúkọ ọkùnrin yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ rẹ̀ rí. Gbogbo wọn fa fóònù yọ. Wọ́n rí orúkọ rẹ̀, wọ́n rí ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbóríyìn fún un, àmọ́ nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó rí ẹsẹ arọ̀fọ̀ kan ṣoṣo kà. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Sà, ẹni tí wọ́n ń yìn báyìí, níbo ni ohùn rẹ̀ wà?" Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dúró síwájú yín lónìí.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Kò dìgbà tí ìjọba bá gbówó sílẹ̀, kò sì dìgbà tí yunifásítì òkè òkun kan bá ránṣẹ́ sí wa, kí ìwé bí èyí tó dé orí fóònù ọmọ yẹn. Ẹni méjì tó ní fóònù kan, kọ̀ǹpútà àlòkù kan, àti sùúrù, lè ṣe é. Irinṣẹ́ lè jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìlú tí a jókòó sí yìí yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ìlú mìíràn lọ. Ní 1854, Henry Townsend, míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ títo lẹ́tà. Ní 1859, Ìwé Ìròhìn jáde lórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí a fi Yorùbá kọ. Ọdún mẹ́jọ péré ló lò. Nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, òpin dé bá a. Ohun tó bá wà níbì kan ṣoṣo, ọjọ́ kan ṣoṣo lè pa á rẹ́. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1971, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Hart jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, ó sì fọwọ́ tẹ Ìkéde Òmìnira orílẹ̀-èdè rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí àwòrán, kò sí ọ̀ṣọ́. Lẹ́tà ńlá nìkan ló fi tẹ̀ ẹ́ látòkè délẹ̀, torí lẹ́tà kékeré kò tíì sí lórí ẹ̀rọ náà. Ohun tí a mọ̀ sí Project Gutenberg lónìí, ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Nígbà tó di 2000, Charles Franks dá Distributed Proofreaders sílẹ̀ láti ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pín fún ènìyàn: fọ́tò ojú ìwé wà lápá kan, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kà jáde wà lápá kejì, ẹni náà á máa wò ó síra títí yóò fi bára mu, ẹlòmíràn á sì tún un wò lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bẹ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn kò ju ojú ìwé kan lóòjọ́ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti yá àkọlé mi. Ojú ìwé kan lóòjọ́, ìwé olójú ewé ọgọ́ta a parí láàárín oṣù méjì, kò sì ní pa iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ẹnikẹ́ni lára.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló ni ìwé. Òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2022, sọ pé ẹ̀tọ́ náà wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ẹ bá mi ṣírò. Ṣówándé kú ní 1936, ẹ̀tọ́ náà ti parí ní ìparí 2006. Àjàyí Kọ́láwọlé Ajíṣafẹ́, tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé Yorùbá, kú ní 1940, tirẹ̀ parí ní 2010. D. O. Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá 1963, ó di ìparí 2033 kí tirẹ̀ tó tán. Nítorí náà, bó ti wù kí a fẹ́ràn Fágúnwà tó, ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Ẹ ra ìwé rẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún àtẹ̀jáde tuntun tí ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú, àlàyé àti àwòrán tirẹ̀ kún: arọ̀fọ̀ inú rẹ̀ lè ti di ti gbogbo ayé, kí àlàyé ìdí rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀dà àtijọ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wá.

Mo fẹ́ fi kan kún un tí kò sí nínú òfin. Ẹ lọ kí ẹbí òǹkọ̀wé. Bí òfin tilẹ̀ gbà yín láyè, ẹ mú obì lọ́wọ́ kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún wọn. Ọmọlúwàbí níí ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lérè fún ìwé gan-an: lọ́dọ̀ ẹbí ni a ti máa ń rí ẹ̀dà tó mọ́ jù, àti fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, àti ìgbà mìíràn, ẹ̀dà tí ẹni tó ni ín fi pẹ́ńsù tún àṣìṣe àwọn atẹ̀wé ṣe sí.

Yíya fọ́tò ló kàn. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Owúrọ̀ ni kí ẹ yà á, lẹ́bàá fèrèsé, kí oòrùn má kàn án tààrà. Ẹ má lo iná fóònù, ó máa ń sọ bébà di funfun báláú, inki a sì parẹ́ níbi tó ti ṣá. Ẹ to ìwé ńláńlá síra ní ọ̀tún àti òsì, ẹ gbé fóònù lé e lórí kó má baà gbọ̀n. Ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ má baà hàn gba iwájú. Ẹ yà á látorí èèpo dé èèpo, títí kan ojú ìwé tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ àti ibi tí ẹni tó ni ín kọ orúkọ sí. Ẹ má rọ ìwé gbígbẹ sẹ́yìn láé.

Lẹ́yìn náà ni títẹ̀. Ẹ̀rọ wà tó lè wo fọ́tò kó sì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde. Tesseract jẹ́ ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ti kọ́ ọ ní Yorùbá. Mo ti lò ó. Lórí ìwé tuntun tó mọ́, ó gbìyànjú. Lórí ìwé bí èyí, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́, ìdí tí mo sì fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Ẹ wo ojú ìwé yìí dáadáa. Bébà rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ní àmì kékeré kékeré kiri bí imí eṣinṣin. Níbi tí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí abẹ́ o, ẹ̀rọ á kà á sí ọ. Níbi tí inki ti ṣá lábẹ́ ọ, ẹ̀rọ á kà á sí o. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ̀kán inki kan lè ṣe nínú Yorùbá? Ó ń sọ ojú di ọjú tí kò nítumọ̀, ìyẹn a tètè hàn síni. Àmọ́ ó tún ń sọ ọ̀kọ̀ di òkò, ó ń sọ ọ̀wọ̀ di òwò, ìwọ̀nyí ò sì ní ta ẹnikẹ́ni lólobó, torí wọ́n nítumọ̀. Àṣìṣe tó bá nítumọ̀ ló burú jù.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ kà á sókè. Ẹni méjì ni yóò ṣe é. Ọ̀kan mú ìwé tàbí fọ́tò rẹ̀ dání, ó ń kà. Èkejì ń fi ojú tọ ohun tí a tẹ̀. Àwọn atẹ̀wé ìgbà àtijọ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ fún Yorùbá, ó ní agbára tí kò ní nínú èdè mìíràn tí mo gbọ́. Ojú lè fo ọ̀rọ̀ dá, ahọ́n kì í fò ó. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́, ẹnu a kọsẹ̀.

Mo rántí ìwé àlọ́ pélébé kan tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Kò ní àmì ohùn, bíi ọ̀pọ̀ ìwé ìgbà náà. A dé ibi kan tí wọ́n tẹ "ọpẹ". Àwa méjèèjì kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, a fi àmì sí i, ó di ọpẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan a ń kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá onílé jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń gbọ́ wa. A ka ibẹ̀ kọjá, a dé ìlà tó tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti ní ọkùnrin náà gbé igbà kọ́ èjìká. Bàbá ní, "Ẹ dúró ná, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ṣé ọpẹ́ ló ń gbé igbà lọ gùn ni?" Ọ̀pẹ ni. Igi ọ̀pẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àṣìṣe wa ti wà níbẹ̀, tí a ti kà á fi ojú kọjá láìmọye ìgbà. Láti ọjọ́ náà, n kì í parí ìwé kankan láìjẹ́ pé àgbà kan jókòó tì wá, kódà bí kò bá mọ fóònù tẹ̀.

Ìtàn kékeré yẹn gbé wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wúwo jù, èyíinì ni àmì ohùn. Ẹ wo gbólóhùn yìí, èmi ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀, mo kọ ọ́ bí ìwé àtijọ́ ṣe ń kọ ọ́: "O gba ọkọ lọwọ rẹ." Kí ló túmọ̀ sí? Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: àgbẹ̀ ni wọ́n. Ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ó lè jẹ́ awakọ̀ tàbí apẹja. Ó gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀: ìjà orogún dé nìyẹn. A ò tíì sọ ti "o" ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ìwọ ni tàbí òun, a ò sì tíì kan "rẹ", bóyá tìrẹ ni tàbí tirẹ̀. Ẹni tó bá fi àmì sí ìwé àtijọ́, ìtumọ̀ ló ń yàn, ó sì ń yàn án ní orúkọ ẹni tó ti kú, tí kò lè dá a lóhùn.

Ṣé kí a wá fi í sílẹ̀ láìní àmì? Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí a má fọwọ́ kan iṣẹ́ olóògbé. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò wọn, àmọ́ mo mọ ọmọ tó jókòó ní kíláàsì mi. Bí mo bá gbé ojú ìwé tí kò lámì fún un, á kà á bí ẹni tó ń rìn lókùnkùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi jù ú sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ Yorùbá ní Bahia tàbí ní London, tí kò ní ìyá àgbà nílé tó lè bi, tirẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1875, àwọn CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tó rán Townsend wá, pé jọ ní Èkó, wọ́n fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ gbà: aiye, enia, ọkọnrin, obirin, ẹnyin. Ìgbìmọ̀ tún jókòó ní 1966, nígbà tó sì di 1974, a ní àkọtọ́ tí a ń lò ní ilé ìwé báyìí: ayé, ènìyàn, ọkùnrin, obìnrin, ẹ̀yin. Bí a bá yí gbogbo "aiye" padà, ọmọdé á kà á wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ bí àwọn ará 1905 ṣe ń kọ èdè wọn á pàdánù ẹ̀rí. Bí ìwé bá sì wà ní èdè Ẹ̀gbá bíi ti Ṣówándé, ewu kan tún wà: ẹni tó ń tún àkọtọ́ ṣe lè máa sọ èdè Ẹ̀gbá di Yorùbá ilé ìwé láìfura. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe mọ́. Bíi kí a gba ohùn lẹ́nu ẹni ni.

Ìpinnu tí èmi ti ṣe, tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi lò, ni pé ká ṣe ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan ni ẹ̀dà bó-ṣe-wà: lẹ́tà fún lẹ́tà, ìlà fún ìlà, pẹ̀lú àṣìṣe atẹ̀wé, láìfi nǹkan kan kún un. Èkejì ni ẹ̀dà kíkà: àmì ohùn pé, àkọtọ́ òde òní, àmọ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá dúró bí Ẹ̀gbá ṣe ń pè é. Níbi tí ìtumọ̀ bá ti pé méjì, a ó fi ìràwọ̀ kan sí i, a ó sì kọ èkejì sísàlẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ ìwé bébà, ẹ̀dà méjì túmọ̀ sí owó ìtẹ̀wé lọ́nà méjì. Lórí fóònù, kò náni ní nǹkan kan ju àkókò lọ. Tí ẹ bá ń béèrè èrè tí ẹ̀rọ yìí ṣe fún ìwé wa ju bébà lọ, èmi á nàka síbẹ̀ kí n tó nàka síbòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣe mí fúnra mi, kó má baà ṣe ẹlòmíràn. Ó ti lé ní ogún ọdún. Ìyá bàbá mi ṣì wà láyé, mo jókòó tì í ní ọ̀sẹ̀ méjì, mo tẹ oríkì ìdílé wa sínú kọ̀ǹpútà látẹnu rẹ̀. Nígbà náà, àwọn fóǹtì Yorùbá tí wọ́n ń tà kiri, ọgbọ́n kan ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́: wọ́n á mú àyè àmì mìíràn, bíi àmì owó Japan tàbí àmì ìpín òfin, wọ́n á ya ẹ tàbí ọ̀ síbẹ̀. Ojú rí ẹ. Kọ̀ǹpútà ṣì mọ̀ ọ́n sí àmì owó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà yẹn kú, tí mo gbé fáìlì náà sórí òmíràn tí kò ní fóǹtì náà, oríkì wa di àmì owó àti àmì ìpín òfin. Mo jókòó, mo ń tú u bí ẹni tó ń tú àlọ́ àpamọ̀: àmì yìí dúró fún ọ, tọ̀hún fún ṣ. Mo rí púpọ̀ gbà padà. Àmọ́ níbi kan, ẹ̀rọ ti sọ lẹ́tà mẹ́rin di àmì ìbéèrè lásán, orúkọ baba ńlá wa kan ló sì bọ́ sí ibẹ̀. Ìyá àgbà ti sùn nígbà náà. Títí di òní, àmì ìbéèrè ni mo fi ń kọ orúkọ ọkùnrin náà.

Oògùn rẹ̀ ni Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láyé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó wà lórí fóònù yín, Unicode ló ń lò. Àmọ́ ẹ̀gún kan ṣì wà nínú ẹran náà. ẹ ní nọ́ńbà, ọ ní, ṣ ní. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà àdáni. Méjì ni ẹ̀rọ ń so pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan lè so ẹ mọ́ àmì òkè, òmíràn lè so é mọ́ àmì ìsàlẹ̀, ìkẹta lè mú e lásán kó so méjèèjì mọ́ ọn. Lójú wa, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹni méjì bá pín ìwé kan tẹ̀ pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ wá "ọ̀rẹ́" nínú rẹ̀, ìdajì lè fara pamọ́ fún un, á sì rò pé òǹkọ̀wé kò lò ó. Ìlànà tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní NFC. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ ṣe é kí ẹ tó gbé ìwé jáde. Bákan náà, ẹ yan ọ̀kan nínú àmì ìsàlẹ̀ oníbíńtín àti ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán. Ẹ má pò wọ́n.

Irú fáìlì wo ni kí a wá tẹ̀ ẹ́ sí? Ọ̀rọ̀ lásán. Fáìlì tí kò ní ọ̀ṣọ́ rárá, tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí txt. Bí ẹ bá fẹ́ fi àkọlé hàn, ẹ fi àmì kan síwájú rẹ̀. Ìlànà Markdown tí John Gruber gbé jáde ní 2004 ti ṣètò ìyẹn, wákàtí kan tó láti kọ́ ọ. Láti inú fáìlì kan ṣoṣo yẹn ni ẹ ó ti yọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó ti yọ EPUB fún àwọn tó ń kàwé lórí fóònù, ẹ ó sì ti yọ PDF tí bàbá tí kò ní fóònù lè tẹ̀ sórí bébà. Bí ẹ bá rí àṣìṣe lọ́la, ibì kan ṣoṣo lẹ ó ti tún un ṣe.

Ẹ sì wo bó ṣe fúyẹ́ tó. Fọ́tò ojú ìwé kan láti inú fóònù mi máa ń tó megabáìtì mẹ́ta. Odindi ìwé olójú ewé ọgọ́rùn-ún, bí a bá tẹ̀ ẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, kì í sábà tó ìdajì megabáìtì kan. Odindi ìwé fúyẹ́ ju fọ́tò ojú ewé kan ṣoṣo rẹ̀ lọ. Ọmọ tí dátà rẹ̀ kù ṣín-ún lè gbà á lórí WhatsApp lálẹ́, kó máa kà á nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ẹ tọ́jú fọ́tò náà o, òun ni ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọ̀nà tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. TEI tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1987 lè fi hàn ibi tí ẹ̀dà kan ti yàtọ̀ sí èkejì, ibi tí òǹkọ̀wé ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́, gbogbo rẹ̀. Ó dára púpọ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Alex Gil, tó ṣiṣẹ́ lórí ìwé Aimé Césaire ará Martinique, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irinṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Ed, torí irú àwa tí owó àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò pọ̀ lọ́wọ́ wa: ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbà wọlé, ìkànnì tó fúyẹ́ ló ń gbé jáde. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó mọ́ lè sọ ọ́ di TEI lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ẹni tó ń dúró de TEI, ikán ò dúró dè é.

Mo ti rí ìkànnì ìwé Yorùbá kan tí wọ́n náwó sí gan-an, ó lẹ́wà, ó ní ibi ìforúkọsílẹ̀, ó ní àwòrán tó ń yí. Owó tí wọ́n ń san lọ́dọọdún tán, ẹni tó mọ ọ̀nà abẹ́nú rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, ìkànnì kú, gbogbo ìwé inú rẹ̀ sì bá a lọ. Ìfọ́lé nìyẹn, láìsí ẹni tó sọ òkò. Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní HTML, kò nílò àbójútó bẹ́ẹ̀. GitHub Pages, ibi tí wọ́n ti ń gbé ojú ewé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Internet Archive, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní 1996, ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbé e sí méjèèjì, ẹ fi ọ̀kan sórí fóònù akọ̀wé ìjọ, ẹ tẹ ọ̀kan sórí bébà fún ilé ìkàwé ilé ìwé, ẹ kó ọ̀kan fún ẹbí òǹkọ̀wé.

Ó ku ojú ewé kan tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé, òun ni èyí tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ síwájú ìwé. Kò ju ìdajì ojú ewé lọ. Ẹ sọ ẹ̀dà tí ẹ lò, ibi tí ẹ ti rí i, ọdún tó wà lára rẹ̀ bó bá ní. Ẹ sọ ojú ìwé tó ya. Ẹ sọ ohun tí ẹ yí padà àti ohun tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó kà á sókè, àgbà tó jókòó tì yín, àti ọjọ́ tí ẹ parí rẹ̀. Ìwé tí kò ní ojú ewé yìí, mi ò lè fi kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí lẹ́tà rẹ̀ dán tó, torí mi ò mọ ohùn ẹni tí mò ń gbọ́.

Ní báyìí, mo ti ya fọ́tò ojú ìwé mẹ́rìnlélógún nínú ìwé ọwọ́ mi yìí, mo ti tẹ̀ wọ́n jáde, wọ́n wà lórí tábìlì ẹ̀yìn yẹn. Kí ẹni méjì méjì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí ohùn rẹ̀ já gaara máa kà, kí ẹnìkejì máa fìka tọ̀ ọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pín ara yín sáàárín wọn. Ẹni tó bá bọ́ sí ojú ìwé kẹtàdínlógún, igun rẹ̀ ti ya, ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin ti bá a lọ. Ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ dí i. Ẹ ṣí àkámọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ya, kí ẹ pa àkámọ́ dé. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ní Gbágùrá tàbí ní Òwu ní ẹ̀dà mìíràn nínú àpótí bàbá rẹ̀.